Kókó Kan Tí N Kò Tú

Ohùn Áfáà wa ní Ọ̀mù-Àrán kò ga rárá, ṣùgbọ́n bó bá ń kéde, àwọn ewúrẹ́ Àrán-Ọ̀rin á dá ẹnu dúró lórí koríko. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ti rin ọ̀nà Ọ̀mù sí Àrán-Ọ̀rin rí mọ̀ pé irọ́ ni. Mo kọ́ kéú dé ìdajì, mo kọ́ aṣọ híhun dé ìdajì, irọ́ nìkan ni mo kọ́ parí. Mo sọ èyí ṣíwájú kí ẹ lè mọ irú ẹnu tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jáde, nítorí pé eléyìí kì í ṣe irọ́, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e kiri.

Nígbà náà òyìnbó kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ìlọrin ló ń pàṣẹ, ogun ò sì jìnnà sí ojú ọ̀nà. Ilé kéú wa jẹ́ àgbàlá kan tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ bo apá kan rẹ̀, tí igi òdán sì bo apá kejì. A kì í ṣe ọmọdé níbẹ̀. Mo ti nírùngbọ̀n, àwọn mìíràn sì ti níyàwó nílé. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, igbákejì Áfáà, ọkùnrin gígùn kan tí kì í rẹ́rìn-ín, á dúró ti ìkòkò omi àlùwàlá, á máa ka ìkéde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ẹ̀ṣẹ̀ wa.

"Ẹni tí kò bá tíì mú igi ìdáná tirẹ̀ wá, kí ó mú un wá kí a tó kírun àárọ̀ ọ̀la. Bí kò bá mú un wá, wàláà tó fi ń kọ́ kéú náà igi ni."

"Ẹni tó da omi wàláà sí ẹnu ọ̀nà ìyàwó Áfáà, ìyàwó Áfáà ń wá a. Kí ó yára jáde, kí ọ̀rọ̀ náà má di méjì."

"Ẹni tó bá fẹ́ kà fún Áfáà ní Àlàrùbá, kí ó sọ fún mi kí oòrùn Àtàlátà tó wọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, etí mi ò sí nílé."

A máa ń rẹ́rìn-ín sínú. Ṣùgbọ́n bí oòrùn Àtàlátà bá wọ̀ tí o kò sọ, o lè lọ sọkún lórí àkìtàn, kò sẹ́ni tí yóò gbà ọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Ọjọ́ ni ọjọ́.

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ń parí lọ, Áfáà á tú wa sílẹ̀ kí a lọ bá àwọn ènìyàn wa kọ ebè. Bí ìkéde bá wá wà lẹ́yìn tí a ti túká, báwo ni yóò ṣe bá wa? Bébà wọ́n, àwọn ará ilé wa ò sì lè kà á. Bí a bá ní kí ìránṣẹ́ dá ọjọ́ ọjà fún wa, ọjọ́ ọjà Ọ̀mù kọ́ ni ọjọ́ ọjà Ìjàrà. Nítorí náà okùn ni Áfáà ń lò. Á mú òwú tí wọ́n lọ́ pọ̀, á so ó ní kókó, kókó kan fún ọjọ́ kan. Gbogbo okùn tó bá so lẹ́ẹ̀kan náà, iye kókó wọn á dọ́gba, á sì gbé ọ̀kan kọ́ ara ògiri tirẹ̀. Láràárọ̀, kí ènìyàn tó fi oúnjẹ kan ẹnu, á tú kókó kan. Àárọ̀ tó bá tú èyí tó kẹ́yìn, ọjọ́ pé. Bí okùn bá ṣì wà lọ́wọ́ ìránṣẹ́ lójú ọ̀nà, ìránṣẹ́ ni yóò máa tú u títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Kò sí ohun tó rọrùn jù ú lọ. Ọmọ ọdún márùn-ún lè ṣe é. Èmi ò lè ṣe é.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, a gbọ́ pé Áfáà àgbà kan ń bọ̀ láti Ìlọrin. Òun ló kọ́ Áfáà tiwa. Ẹni tó bá ti kàwé parí, iwájú rẹ̀ ni yóò ti kà á, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò sì wé láwàní fún un. Nítorí ogun, àárín ọ̀wọ́ àwọn oníṣòwò tó ń lọ sí Ṣàárẹ́ ló ń bá rìn, kò sì lè kúrò lẹ́yìn wọn. Wọn yóò sùn mọ́jú ní Ọ̀mù. Bí a bá ti kírun ọ̀sán tán, wọn yóò gbéra.

Áfáà pè mí. Àwọn mẹ́ta ló ti kàwé parí lára wa: ẹnìkan ní Àrán-Ọ̀rin, ẹnìkan ní Ìjàrà, ẹnìkan ní Òkè-Onígbìn. Èmi ò sí lára wọn, nítorí náà èmi ni wọ́n lè rán. Ó kó okùn mẹ́ta lé mi lọ́wọ́, kókó mẹ́rìndínlógún lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Sọ fún wọn pé ẹni tí kò bá sí níbí nígbà tí oòrùn bá dúró ní àtàrí, kí ó máa retí ìgbà mìíràn. Ìgbà mìíràn yẹn, èmi ò mọ̀ ọ́n."

"Mo gbọ́, Áfáà."

"Má sùn lẹ́ẹ̀mejì ní ìlú kan. Mo mọ ẹnu rẹ. Bí mo bá gbọ́ pé o jókòó síbì kan tí ò ń pìtàn, má padà síbí mọ́."

Ará Òkè-Onígbìn yẹn ni ọ̀rẹ́ mi. Ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é. Ọwọ́ àgbẹ̀ ló ní. Gègé ìkọ̀wé a fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù sáàárín ìka rẹ̀. Ohun tí àwa ń há sórí lọ́jọ́ méjì, á gbà á lọ́sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n ohun tó bá há, ó há a nìyẹn. Ìyá rẹ̀ kì í kírun. Ojúbọ ilé bàbá tirẹ̀ ló ń gbá láràárọ̀, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n òwú ni ìyá náà ń ran, òun fúnra rẹ̀ ló sì ran òwú láwàní ọmọ rẹ̀. Ó ti ní kí wọ́n hun ún, ó ti ká a sínú igbá, ó ti fi ọmọrí dé e. Ojú rẹ̀ ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀. Ó ní òun fẹ́ rí láwàní yẹn lórí ọmọ òun nígbà tí òun ṣì lè mọ funfun yàtọ̀ sí dúdú. Kò bèèrè ohun mìíràn. Gbogbo ilé kéú ló mọ̀.

Mo tú kókó kọ̀ọ̀kan lára okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárọ̀, mo sì mú ọ̀nà pọ̀n. Mo fún ará Àrán-Ọ̀rin ní tirẹ̀, mi ò jókòó. Ní ìrọ̀lẹ́ mo dé Ìjàrà, mo fún ẹni tibẹ̀ náà ní tirẹ̀. Wọ́n gún iyán fún mi. Ẹni tí wọ́n bá gún iyán fún gbọ́dọ̀ sanwó rẹ̀ lọ́nà kan, ẹnu nìkan ni mo sì ní.

Mo sọ fún wọn pé inú igbó Èsìẹ́ ni mo gbà wá, mo sì bá àwọn ènìyàn òkúta tó jókòó síbẹ̀ láti ọjọ́ tẹ́nìkan ò mọ̀. Mo ní ọ̀kan nínú wọn, obìnrin, na ọwọ́ sí mi, ó ní ìlẹ̀kẹ̀ òun já, kí n yá òun ní okùn ọwọ́ mi kí òun fi tún un sín.

Bàbá àgbà kan níbẹ̀ ní, "Kí lo wá wí fún un?"

"Mo ní ti Áfáà ni, kò ṣeé yáni."

"Ṣé ó bínú?"

"Òkúta ni, bàbá. Ta ló ń mọ ìgbà tí òkúta bá bínú?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé iyán tutù. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, n kò tíì bọ́jú tí ẹnìkan fi wá pè mí: baálẹ̀ fẹ́ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Mo fi àpò mi tí okùn wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ lára ògiri, mo jáde. Láti ilé baálẹ̀ mo dé abẹ́ àtíbàbà àwọn ahunṣọ, láti ibẹ̀ mo dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tó ń fọ irú. Lẹ́ẹ̀kẹta tí mo pa ìtàn náà, àwọn òkúta ti dìde dúró. Nígbà tó di ìgbà kẹfà, wọ́n ti ń jó, obìnrin náà sì ti ní òun fẹ́ mi. Oòrùn yẹ̀ sẹ́yìn. Mo sùn ní Ìjàrà lẹ́ẹ̀kejì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta mo mú okùn kan ṣoṣo tó kù, mo tú kókó kan, mo sì kọrí sí Òkè-Onígbìn, orin lẹ́nu.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi nínú àgbàlá, amọ̀ oko ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo jíṣẹ́. Ó gba okùn, ó fi àtàǹpàkò ka kókó ara rẹ̀.

"Mélòó ló kúrò lọ́wọ́ Áfáà?"

"Mẹ́rìndínlógún."

"Mẹ́rìnlá ló wà níbí." Ó tún un kà, bí ìṣe rẹ̀. "Àná lo kúrò ní Ọ̀mù nìyẹn."

Ìgbà náà ni mo rántí. Ìjẹta ni mo kúrò ní Ọ̀mù, n kò sì tú kókó àárọ̀ àná. Mo rí àpò mi lójú ara mi níbi tó rọ̀ sí lára ògiri ilé Ìjàrà, àti èmi níta tí mò ń sọ òkúta di oníjó. Bí mo bá ní ìjẹta, yóò bèèrè ibi tí mo sùn lẹ́ẹ̀mejì. Òun àti ará Ìjàrà yóò pàdé, Áfáà yóò gbọ́.

Mo ní, "Àná ni, ẹ̀gbọ́n."

Mo ti pinnu lọ́kàn mi pé bó bá gbé okùn náà kalẹ̀, n óò tú ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀. Kò gbé e kalẹ̀. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ láti ibi tó jókòó sí pẹ̀lú ìrànwú rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé e wá. Ó fọwọ́ bà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì so ó mọ́ ọrùn ara rẹ̀.

"Èmi ni n óò máa tú u," ó wí fún ọmọ rẹ̀. "Ìwọ máa kọ ebè rẹ lọ. Bó bá ku ẹyọ kan, a ó gbéra."

Mo jókòó. Mo ní bí mo bá jẹun tán n óò sọ ọ́. Ìyá náà dìde fúnra rẹ̀, ó bu ẹran ìgbẹ́ tó ti gbẹ sílẹ̀ de ọjọ́ láwàní, ó fi fún mi.

Ó ní, "Wọ́n ní irọ́ kún ẹnu rẹ bí omi kún odò. Òótọ́ ni?"

"Wọ́n ń parọ́ mọ́ mi ni, Yèyé."

Ó rẹ́rìn-ín pẹ́. "Kò burú. Èyí tí o mú wá lónìí kì í ṣe irọ́. Ìyẹn tó fún mi."

Ṣé ẹ rí i, bó bá jẹ́ pé ó bú mi ni, bóyá n bá ti sọ ọ́. Mo jẹ ẹran náà tán, mo sì padà sí Ọ̀mù. Lójú ọ̀nà mo ń tu ara mi nínú. Mo ní ẹ̀gbọ́n kì í pẹ́ dé ibikíbi. Ẹni tó máa ń dé ilé kéú kí àkùkọ tó kọ, ọjọ́ kan kò lè dí i lọ́wọ́. N kò rántí pé ẹni tó bá ń pọn ìyá rẹ̀ kì í sáré.

Ọjọ́ pé. Okùn ara ògiri Áfáà kò ní kókó kankan mọ́. Ará Àrán-Ọ̀rin dé, ará Ìjàrà dé, tiwọn náà tú pérépéré lọ́wọ́ wọn. Áfáà àgbà jẹ́ ọkùnrin kékeré kan tí ikọ́ ń bá jà. Àwọn méjèèjì kà, ó wé láwàní fún wọn. Igbákejì Áfáà wo ojú ọ̀nà, ó wò mí.

"Ará Òkè-Onígbìn dà?"

"Ó ń bọ̀."

"O jíṣẹ́ fún un?"

"Mo jíṣẹ́."

A kírun ọ̀sán. Áfáà àgbà tún bèèrè omi, ó rọra mu ún, mo mọ̀ pé ó ń fi dúró ni. Olórí àwọn oníṣòwò wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbéra.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn kò tíì dé àtàrí, èmi ni mò ń gbá àgbàlá níbi tí wọ́n tẹ́ awọ àgbò sí fún Áfáà àgbà lánàá. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi kí n tó rí i. Ó pọn ìyá rẹ̀, ó fi ọ̀já gbà á mọ́ra bí ọmọ ọwọ́, igbá láwàní sì wà lọ́wọ́ ìyá náà. Ẹ̀wù funfun ló wà lọ́rùn ẹ̀gbọ́n mi, eruku ti pa á pọ́n títí dé orúnkún. Inú ahéré ìbátan wọn kan lójú ọ̀nà ni wọ́n sùn. Inú àwọn méjèèjì dùn.

Ìyá náà ní, "A ò pẹ́, àbí? Àárọ̀ yìí ni mo tú èyí tó kẹ́yìn."

Áfáà jáde, ó gbé okùn tirẹ̀ kúrò lára ògiri, ó sì fi lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Àná ni. Wọ́n ti lọ."

Ẹ̀gbọ́n mi wo okùn méjèèjì. Òwú tó tú lásán ni méjèèjì. Okùn tó ti tú kì í jẹ́rìí. Ó rọra sọ ìyá rẹ̀ kalẹ̀. Ìyá náà gbé ọwọ́ ara rẹ̀ sókè sún mọ́ ojú rẹ̀, ó ń wò wọ́n níwájú àti lẹ́yìn, bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni.

"Ọwọ́ mi ni," ó wí. "Ó ní láti jẹ́ pé mo gbàgbé ní àárọ̀ kan. Kì í ṣe ọmọ mi, Áfáà. Èmi ni mo ní kí ó gbé e fún mi."

"Yèyé, kò sí wàhálà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Àkókò náà ni, kò tún sí òmíràn tó dára tó o. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni pé, "Ẹ jẹ́ kí n sáré lé wọn." N kò dúró gba ìdáhùn. Mo sáré gba ọ̀nà Ṣàárẹ́. Lẹ́yìn ìgbà náà mo ti sọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn pé mo sáré kọjá àgbọ̀nrín mẹ́ta lọ́jọ́ náà. N kò rí àgbọ̀nrín kankan. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, mo sì sunkún. Nígbà tí mo dé Ṣàárẹ́ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní àwọn oníṣòwò náà ti kọrí sí ìhà Tápà láàárọ̀, wọn ò sì mọ ọ̀nà tí wọ́n yà sí.

Ẹ̀gbọ́n mi àti ìyá rẹ̀ dúró dè mí ní Ọ̀mù. Nígbà tí mo padà dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, ìyá náà ní kí n jókòó ti òun. Ó ní kí wọ́n gbé omi gbígbóná wá, ó sì ń fọwọ́ wá ibi tó wú lẹ́sẹ̀ mi, ó ń fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Nítorí ìgbàgbé mi lo fi jìyà báyìí."

Mo ní, "Kò tó nǹkan, Yèyé." Mo wí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ wé láwàní náà sórí ara rẹ̀ kí ìyá rẹ̀ lè rí i. Ìyá náà kọ̀. Ó ní wọn kì í jẹ oyè lójú àlá, kí ó ká a padà sínú igbá. Kí iṣu tuntun tó jáde, ojú rẹ̀ ti ṣú pátápátá, kí a sì tó jẹ iṣu náà, ó kú. Bí wọ́n ṣe ń sin òkú nílé bàbá rẹ̀ ni wọ́n sin ín. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá wọn ṣe ètùtù, ṣùgbọ́n kó tó di pé wọ́n gbé e, ó wọlé, ó sì ká láwàní náà sábẹ́ orí ìyá rẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Mo bá wọn wa ilẹ̀.

Ọdún púpọ̀ kọjá kí Áfáà àgbà mìíràn tó wá. Láwàní yíyá ni wọ́n wé fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó dá ilé kéú tirẹ̀ sílẹ̀ ní Òkè-Onígbìn, àwọn ènìyàn ń wá láti ọ̀nà jíjìn, okùn ni òun náà sì fi ń kéde. Nígbàkigbà tó bá so ó tán tó sì fẹ́ fi lé ìránṣẹ́ lọ́wọ́, ó ní ohun tó máa ń wí: "Ẹ ṣọ́ ọ o. Ìyá mi gbàgbé àárọ̀ kan." Kò fi bú u. Ó fi ń rántí rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ a máa lọ ibi tí kò wu ẹni tó sọ ọ́. Ní ìlú yẹn, bí ẹnìkan bá pẹ́ dé òde, wọ́n á ní, "O tú tìrẹ bíi ti Yèyé Áfáà," wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Àwọn tí wọn kò tíì bí lọ́jọ́ náà ń sọ ọ́. Mo ti jókòó láàárín wọn tí wọ́n sọ ọ́, mo sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí eyín èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ká, mo rìn lọ bá a. Àwa méjì péré la wà. Mo sọ ọ́ fún un láti orí dé ìsàlẹ̀: Ìjàrà, iyán, baálẹ̀, obìnrin òkúta àti ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, àpò lára ògiri, ìjẹta tí mo pè ní àná.

Ó gbọ́ ọ parí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

"Eléyìí dára ju gbogbo àwọn tó kù lọ," ó wí. "Kódà, o kó òkúta Èsìẹ́ sínú rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni mò ń sọ."

"Láti ìgbà wo? O fẹ́ràn ìyá mi, mo mọ̀. O sáré dé Ṣàárẹ́ nítorí rẹ̀. O wá fẹ́ gba ẹ̀bi rẹ̀ rù lọ́jọ́ ogbó rẹ." Ó gbé ọwọ́ àgbẹ̀ rẹ̀ lé orí mi, ó sì ṣàdúà fún mi, ó pẹ́ lórí rẹ̀.

N kò mọ ohun tí n bá fi búra fún un. Gbogbo ohun tí ènìyàn ń fi búra ni mo ti fi búra rí lórí àgbọ̀nrín.

Bí mo ṣe ń wá ọ̀pá mi láti máa lọ, ọ̀kan lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wọlé, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó ti múra ìrìn àjò. Wọ́n ń rán an lọ sí Àrán-Ọ̀rin. Ẹ̀gbọ́n mi mú okùn tó ti so láti abẹ́ awọ àgbò rẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́, ó sì wí fún un pé kí ó ṣọ́ ọ o, ìyá òun gbàgbé àárọ̀ kan.